Ẹ Má Fọ Ojú Bàbá Dànù

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

Ní ilé kan ní GRA, Ìlọrin, àwòrán bàbá àgbà kan wà ní pálọ̀. Ọ̀dà elépo ni wọ́n fi yà á sórí aṣọ. Eruku ọyẹ́ àti èéfín àtùpà ti bò ó. Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ilé gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ojú bàbá bá ìdọ̀tí lọ. Wọ́n tún fẹ́ pe pẹ́ńtà kí ó wá ya ojú mìíràn sí i. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n ní mo ń ṣe ìmọ̀-ọ́n-tán.

Àwòrán kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Lẹ́ẹ̀ àti ẹfun wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Bí omi bá gba ojú tó sán wọlé, lẹ́ẹ̀ á wú, ọ̀dà á sì máa ṣí. Fáníìṣì orí rẹ̀ ló sábà máa ń pọ́n, òun sì ni ẹni tó mọṣẹ́ ń rọra ká kúrò. Ìdọ̀tí ńkọ́? Òwú tí wọ́n wé mọ́ igi tín-ínrín ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì fi itọ́ ẹnu rin ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín: itọ́ ń tú ìdọ̀tí. Igun kan ni wọ́n ti ń dán an wò. Bí àwọ̀ fìlà bá lè mọ́ òwú, ó di dandan kí ọwọ́ dúró.

Ibi tí ọ̀dà ti ṣí nìkan ni wọ́n ń dí, pẹ̀lú ọ̀dà tó ṣeé nù kúrò lọ́jọ́ iwájú. Ní ọdún 2012, ní Borja ní ilẹ̀ Spain, ìyá arúgbó kan fi inú rere tún ojú Jésù kùn lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ayé ló fi ṣẹ̀fẹ̀.

Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde (1882–1963), fi irú ọ̀dà yìí ya àwọn ènìyàn pàtàkì Èkó. Àwòrán Adétútù, ọmọ ọba Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà ní 1974, inú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí i ní 2017. Ó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ún lọ tí wọ́n tà á ní 2018. Ta ló mọ èyí tó wà lára ògiri tiwa? A ń kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà. Ó yẹ kí àwọn oníkẹ́místrì wa àti àwọn ayàwòrán jùmọ̀ kọ́ títọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n ti tẹ́ bàbá sílẹ̀ gbalaja báyìí, ojú sókè. Agbádá àti ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà. Pẹ́ńtà ṣì ń béèrè ọjọ́ tí òun yóò wá.