Ọba George Kẹrin: ẹwà tó kù, gbèsè tó ṣáájú

Púpọ̀ nínú yín tí ó ń gbé ìlú London, tàbí tí ó ti ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀, ni ó ti rin Regent Street, tí ó sì ti ya àwòrán níwájú ààfin Buckingham. Ọba kan náà ni ó wà lẹ́yìn méjèèjì: George Kẹrin, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ayé rẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló dà pọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Ògún, ọdún 1762, ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, George Kẹta, kì í ṣe aláṣejù. Iṣẹ́ oko àti ìwé kíkà ni ó fẹ́ràn. Ọmọ kò jọ bàbá. Ní ọdún 1783 tí wọ́n fún un ní Carlton House láti máa gbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe láìwẹ̀yìn. Ní ọdún 1787, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún un ní £161,000 láti fi san gbèsè, wọ́n sì fi £60,000 kún un fún iṣẹ́ ilé náà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1795, gbèsè mìíràn tí ó ju £600,000 lọ ti wà nílẹ̀.

Gbèsè yìí ni ó wọ inú ìyẹ̀wù rẹ̀. Ó ti gbé Maria Fitzherbert, opó kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, níyàwó ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún 1785, ṣùgbọ́n òfin kò ka ìgbéyàwó náà sí, nítorí ọba kò fọwọ́ sí i. Kí àwọn aṣòfin lè bá a wá nǹkan ṣe sí gbèsè rẹ̀, ó gbà láti fẹ́ Caroline ti Brunswick, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, láti ilẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú ìgbéyàwó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ara wọn. Ọtí ni ọkọ ìyàwó mu wá síbi ìsopọ̀. Wọ́n bí Charlotte ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1796, láìpẹ́ lẹ́yìn náà kálukú sì ń gbé lọ́tọ̀. Charlotte, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1817, ní ẹni ọdún 21. Òkú ọmọ ni ó bí.

Nígbà tí àìsàn ọpọlọ dé bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀, George di adelé ọba ní ọdún 1811. Ebi ń pa àwọn tálákà, búrẹ́dì sì wọ́n. Ní oṣù Ògún ọdún 1819, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kọlu èrò tí ó péjọ ní Manchester láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ènìyàn kú. Adelé ọba dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ó ná £243,000 sórí ayẹyẹ ìgbadé rẹ̀. Ti bàbá rẹ̀ kò ju bíi £10,000 lọ. Lọ́jọ́ náà, Caroline dé ẹnu ọ̀nà Westminster Abbey, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi kú.

Síbẹ̀, n kò ní fi òtítọ́ pamọ́: ojú ọba yìí mọ ohun tó dára. John Nash ni ó bá a tún ààfin Brighton kọ́, tí òrùlé rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ Íńdíà, tí inú rẹ̀ sì kún fún ọnà irú ti Ṣáínà. Ó fi àwọn ìwé bàbá rẹ̀, tí ó ju 60,000 lọ, ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ ní ọdún 1823. Inú British Library ni wọ́n wà lónìí. Ó wà lára àwọn tí ó ti ìjọba lẹ́yìn láti dá National Gallery sílẹ̀ ní ọdún 1824. Ó fẹ́ràn ìwé Jane Austen tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí obìnrin náà fi *Emma* júbà rẹ̀. Austen ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìyà tí ó fi jẹ ìyàwó rẹ̀.

Ọba wàjà ní oṣù Òkudù ọdún 1830. Àwọn tí ó sunkún rẹ̀ kò pọ̀. Ọbabìnrin Victoria, ọmọ àbúrò rẹ̀, ta ààfin Brighton fún ìlú náà ní ọdún 1850. Ará ìlú ni ó ń wọ ibẹ̀ lónìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé nítorí ẹwà tí ó fi sílẹ̀, kí a gbàgbé ìnákúnàá rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó orí àwọn ènìyàn ni ó kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn. Caroline àti Maria sì san èyí tí kò ṣe é fi owó kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò àtiṣe ìgbéyàwó, George ní ilé aṣòfin tí ó ń bá a san gbèsè. Ta ni yóò bá yín san tiyín? Kí ẹ tó yá owó aṣọ àti gbọ̀ngán, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́, kí ẹ sì sọ iye gbèsè tí ó wà lọ́rùn yín fún ara yín. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.