Kérésìmesì Tún Dé: Ta Ló Rántí Ará Oko?

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìrẹsì àti adìẹ ló máa ń gba ẹnu wa ní Sàmárù. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì 2023 kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Ọdún yẹn le fún ará oko. Kò tíì ju oṣù kìíní lọ tí owó fi dàwátì, torí pé ìjọba ń pààrọ̀ N200, N500 àti N1,000. Ẹni tí kò sí báńkì lábúlé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ta àgbàdo rẹ̀? Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná wà lára àwọn tó gbé ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì jàre ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Oṣù karùn-ún ni owó ìrànwọ́ orí epo tún lọ, owó ọkọ̀ sì fò sókè.

Ìyẹn ṣì kéré. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, àwọn ará Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìgábì, ń ṣe Máúlúdù. Ọkọ̀ òfuurufú ológun tí kò ní awakọ̀ nínú ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Bí àwọn èèyàn ti sáré wá gbé àwọn tó ṣubú, ó tún ju òmíràn. Ó kéré tán, èèyàn 85 ló kú. Àwọn ológun ní àṣìṣe ni.

Ọjọ́ 21 lẹ́yìn rẹ̀, ní àìsùn Kérésìmesì, àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé Bokkos àti Barkin Ladi ní ìpínlẹ̀ Plateau tó bá wa pààlà. Àwọn tí wọ́n pa ju 140 lọ.

Ohun tó dùn wá jù ni bí a ṣe ṣọ̀fọ̀ wọn. Àwọn kan sunkún Tudun Biri, àwọn kan sunkún Bokkos. Àwọn tó sunkún méjèèjì kò pọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló yẹ kó máa ka òkú mọ́ ẹ̀sìn? Nínú ilé kan náà ni bàbá wa ti ń lọ mọ́ṣáláṣí, tí ìyá wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn mìíràn a ní, “Ọ̀rọ̀ àwọn Gàmbàrí ni.” (Àwọn ará Bokkos kì í tilẹ̀ ṣe Hausa.) Àwa tí a dàgbà sí Sábó, tí a kò dé oko bàbá wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àgbàdo ọjà Gíwá ni ìyá wa fi ṣe ògì tó rán wa níléèwé. Ta ló gbìn ín? Bí ẹnì kan bá sì rò pé ọ̀nà ilé jìn sí ewu yìí, kó rántí Eruku ní Kwara, níbi tí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì C.A.C. ní oṣù kọkànlá 2025, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọgbó.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dárúkọ Tudun Biri àti Bokkos papọ̀ níbi àdúrà ọdún yìí, kí Àfáà àti Pásítọ̀ jọ ṣe é. Kí a sì yọ díẹ̀ nínú owó àríyá, kí a fi ra irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ padà dá oko kí òjò tó dé. Sàmárù níbí ni wọ́n ti ṣẹ̀dá irúgbìn àgbàdo SAMMAZ. Ẹsẹ̀ lásán la lè fi rìn débẹ̀.