Ìwé Àwòrán Tí Ọmọ Tokpota àti Ìyá Àgbà Èkó Yóò Jọ Kà

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo bá wá lónìí.

Ní Tokpota níbí, ní Àjàṣẹ́, ilé Yorùbá tí kò ní ẹbí ní Èkó, ní Ìjẹ̀bú tàbí níbi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ kò pọ̀. Ọmọ a máa rí ìyá àgbà rẹ̀ lórí WhatsApp. Màmá á kí i, á kì í ní oríkì. Ọmọ á ní "ça va", á sì yíjú sí ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ríra, wọn ò gbọ́ra.

Faransé ni ilé-ìwé fi ń kọ́ ọmọ wa níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi ìnáwó ẹbí, Yorùbá nìkan ni wọ́n lè fi bá ara wọn ṣeré. Bí ọ̀kan kò bá gbọ́ ọ, wọ́n di àlejò ara wọn nínú agbo ilé kan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní a nílò ìwé àwòrán fún ọmọdé, lédè Yorùbá, lórí ẹbí tó wà lókèèrè. Kì í ṣe ohun tuntun. Atinuke, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó ń gbé ní Wales, ti ń kọ ìtàn Anna Hibiscus láti ọdún 2007: ọmọbìnrin kan nínú agbo ilé ńlá nílẹ̀ Áfíríkà, tí ìyá ìyá rẹ̀ wà ní Kánádà. Ìwé tó dára ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní Cotonou, ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique ti tẹ ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán fún ọmọdé lédè Faransé. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò yé ọmọ Tokpota, ti Faransé kò yé ìyá àgbà Èkó.

Àwọn kan á ní fóònù ti tó. Fóònù dára, ṣùgbọ́n kò lè báni wá ọ̀rọ̀ sọ. Bí ìwé kan bá wà lọ́wọ́ màmá, tí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀: "Kí ni obìnrin yìí ń tà? Ta ló pọ̀n sẹ́yìn?" Màmá tí kò mọ̀wé pàápàá mọ àwòrán sọ, ìtàn tirẹ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Kí ni ká yà sínú rẹ̀? Ohun tí ojú wa rí ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn bodè orí ilẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde ṣíṣí bodè Ìdí-Ìrókò, tó kọjú sí Ìgòlò. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí wọ́n tì í ti ń sáré, ó ti ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó ṣí i.

Ti àkọtọ́ ńkọ́? Láti ìgbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè wa kalẹ̀ ní ọdún 1975, ɛ, ɔ, kp àti sh ni ti ìhín. Ẹ, ọ, p àti ṣ ni ti Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká kọ méjèèjì sójú ìwé kan náà: "ɛ̀gbɔ́n" lókè, "ẹ̀gbọ́n" nísàlẹ̀. Ọmọ á ti mọ méjèèjì kí àwa àgbà tó parí àríyànjiyàn.

Ìtẹ̀wé gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ti àkọ́kọ́. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ, fọ́tò ẹbí mẹ́wàá àti gọ́ọ̀mù, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ẹ fi ọ̀kan rán ẹni tó ń lọ sí Èkó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook náà ní ìwé àwòrán ọ̀fẹ́ tí wọ́n gbà kí ènìyàn túmọ̀, kó sì tẹ̀.

Àwọn àgbà wa kò ní dúró dè wá títí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti dárúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò náà fún wa.