Tòkunbọ̀ kì í ṣe tuntun o!

Èdè àwọn tó ń ta mọ́tò la fẹ́ tú lọ́sẹ̀ yìí, kówó àjọ yín má bàa wọgbó.

"Tòkunbọ̀": orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni. Mọ́tò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sin ẹlòmíì lọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Fẹ́ẹ̀sì bọ́dì": wọn ò tíì tún un kùn lọ́dà. Ara nìyẹn o, kò kan ẹ́ńjìnnì! Mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, kì í ṣe tiwọn.

Èyí tó le jù ni "háyà pọ́ṣéèsì". Bẹ́ ẹ ò bá tíì san kọ́bọ̀ ìkẹyìn, mọ́tò ṣì jẹ́ tolówó. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1965 ń gbèjà yín: bí mọ́tò bá jẹ́ ₦5 mílíọ̀nù, tẹ́ ẹ ti san ₦3 mílíọ̀nù, olówó ò lè gbà á pátápátá láìlọ sí kóòtù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín gbogbo!

Ẹni tójú ẹ̀ ti rí i, kó kọ̀wé sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.