Ẹ Tọ́jú Ilé Yín Kí Iná Ìgbẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Ìgbòho dé Ìgbẹ́tì, àti gbogbo ẹ̀yin tí ilé yín fẹ̀yìn ti ọ̀dàn, ẹ gbọ́ o. Ọyẹ́ ti ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ yìí ti fa gbogbo omi ara koríko gbẹ. Láti ìsinsìnyí títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, iná kan ṣoṣo tí apá kò ká lè jó oko kanlẹ̀, kó sì wọ àárín ìlú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fi sọ́kàn ni ọ̀nà tí iná ìgbẹ́ ń gbà wọlé. Iná tó ń jó lọ́ọ̀ọ́kán là ń wò, a ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Màjàlà ló máa ń ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti kú nígbà tó bá ń fò. Òmíràn ṣì ń pọ́n. Atẹ́gùn á gbé e kọjá títì, kọjá odò, á lọ bà lé pòpórò àgbàdo tí ẹ kó ti ògiri ilé ìdáná, tàbí kó wọ abẹ́ páànù níbi tí ẹyẹ fi koríko kọ́ ìtẹ́ sí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbiná, nígbà tí ẹni gbogbo ti rò pé ewu ti kọjá.

Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lónìí. Ẹ ro koríko yí ilé ká, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 30, títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, kí ẹ sì kó èyí tí ẹ ro kúrò níbẹ̀. Igi ìdáná, háríhá àgbàdo, imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, ẹ kó wọn jìnnà sí ògiri. Ẹ gbá ewé kúrò lórí òrùlé. Abà àti àká tí a fi bẹẹrẹ bò nílò àyè tó fẹ̀ ju ti ilé páànù lọ. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí ẹ tọ́jú nítorí jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tàbí lẹ́bàá ilé ìdáná. Ẹ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, nítorí kànga máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná mànàmáná bá sì lọ, pọ́ńpù kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló ká mi lára jù. Ìyá àgbà tí kò lè dá dìde ńkọ́? Ọmọdé tí a tì mọ́lé kí ìyá rẹ̀ tó lọ sọ́jà ńkọ́? Irin tí a fi sójú fèrèsé nítorí olè kò ní jẹ́ kí wọ́n jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àgádágodo ti ènìyàn mọ́lé láti ìta, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ní alẹ́ òní, ẹ pinnu ẹni tí yóò gbé ìyá àgbà, ẹni tí yóò kó àwọn ọmọ, ẹni tí yóò tú ewúrẹ́ sílẹ̀, àti ibi tí ẹ ó ti pàdé. Pápá ilé ìwé tí kò ní koríko dára. Ẹ má sá gun òkè, ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì ní pàtàkì: iná máa ń yára gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ọwọ́ wa náà ni ọ̀pọ̀ iná yìí ti ń wá. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń sungbẹ́ nítorí ọ̀yà, ẹ̀yin darandaran tó ń wá koríko tútù, ẹ̀yin eléèédú, ẹ̀yin tó ń fi iná lé oyin, ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró. Ìgbà tí kajú ń tanná gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́. Iná ọjọ́ kan ti tó láti gba owó ọdún kan lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní Gánà, lọ́dún 1983, lẹ́yìn ọ̀dá, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó rẹpẹtẹ, ebi sì tẹ̀ lé e. Bó bá di dandan kí ẹ sun oko, ẹ kọ́kọ́ ro ààlà rẹ̀ mọ́, ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, kó sì jẹ́ àárọ̀ kùtù tí atẹ́gùn rọlẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ tí eérú kò bá tíì tutù. Iná lè wà nínú kùkùté fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí ẹ bá rí èéfín tó ń bọ̀, ẹ pe 112, kí ẹ sì jáde nígbà tí ojú ọ̀nà ṣì mọ́. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀, nítorí ọ̀rá-ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ ara. Bí èéfín bá ti kún ilé, ẹ rákò jáde. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù ni kí ẹ máa dà sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.