Ibi Tí Onítírélà Yóò Gbé Sinmi ní Kùmásí

Ẹni tí ó bá dúró sí oríta Anloga ní ìlú Kùmásí, ní ilẹ̀ Gáná, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń darí bọ̀ láti ọjà Kejetia, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì KNUST ń du ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé, tí bọ́ọ̀sì kékeré trotro àti takisí sì ti kún ojú títì fọ́fọ́, yóò rí ohun kan tí ojú àwọn ará ìlú náà ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í yíjú sí i mọ́: tírélà kan tí ó ru kọ̀ǹténà láti èbúté Tema, tí ó ń rá bọ̀ bí òjòlá láàárín agbo ẹran, tí awakọ̀ rẹ̀ ń yọjú sọ́tùn-ún tí ó ń yọjú sósì, tí kì í sì í ṣe ọ̀nà ni ó ń wá, bí kò ṣe ibi tí yóò gbé sinmi.

Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lọ kí àwọn ẹbí mi níbẹ̀. Ó ré Anloga kọjá, ó forí lé apá Suame, kò rí àyè. Nígbà tí ó pẹ́ títí, ó fi ìdajì ara ọkọ̀ sí etí títì, ó sì fi ìdajì kejì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Méètì rẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, ó ti òkúta méjì bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi eléwé tútù, ó sì tò ó sójú títì ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, kí ẹni tí ń sáré bọ̀ lè mọ̀ pé ewu wà níwájú. Awakọ̀ fúnra rẹ̀, àgbàlagbà tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìdájí, tẹ́ ẹní sí abẹ́ tírélà níbi tí epo ti ń kán tó, tó, tó. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé ibí yìí lẹ ó sùn?” Ó dá mi lóhùn ní Yorùbá àwọn ọmọ Zongo, èyí tí Haúsá ti wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, pé bí òun kò bá sùn níbẹ̀, àwọn olè yóò fa dísẹ̀lì inú táǹkì tán kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn yóò sì tú táyà àfipamọ́ lọ pẹ̀lú. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tó àtàrí àjànàkú í rù náà ń fẹ́ ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Kùmásí, ìlú ọba Osei Tutu Kìíní, ìlú wúrà, ìlú kẹ́ńtè, ìlú obì, kì í ṣe ìlú tí kò mọ èrò í tọ́jú. Kí ni a ń pè ní Zongo? Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ibùdó àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀: ibi tí ẹni tí ó da màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti ilẹ̀ òkè wá ti ń sọ ẹrù, tí ó ti ń fún ẹran lómi, tí ó ti ń rí baálé tí yóò gbà á sílé, tí yóò sì bá a wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀, kí ó tó di obì padà sí ìlú tirẹ̀. Bí Sábó ti rí fún àwọn ará Ìbàdàn ni Zongo rí fún àwọn ará Kùmásí. Àwọn baba wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti Èjìgbò àti Ìnísà náà sọ̀ síbẹ̀, wọ́n pàtẹ, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, títí àṣẹ ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, ti ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 fi lé ọ̀pọ̀ wọn padà wálé pẹ̀lú ẹrù orí wọn. Àwọn tí ó rọ́nà dúró àti àwọn tí ó padà lọ ṣì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Ìlú tí ìsinmi èrò sọ di ọlọ́jà ni Kùmásí, òun náà ni kò sì wá ní àyè fún èrò ọ̀nà òde òní.

Ẹrù kò sì dín, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1903 ni reluwé ti Sekondi wọ Kùmásí, ní 1923 ni ti Accra bá a pàdé níbẹ̀, kòkó àti gẹdú sì ń gun irin lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n reluwé ti rọ, gbogbo ohun tí ó ń kó ti bọ́ sórí táyà. Láti Tema dé Kùmásí tó nǹkan bí kìlómítà 270, láti ibẹ̀ dé Tamale tún tó 380, iwájú sì ṣì kù títí dé Paga níbi tí a ti ń wọ ilẹ̀ Bùkínà Fasò, orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun tirẹ̀. Ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì àti irin ni ó ń gòkè. Tòmátì, àlùbọ́sà, iṣu àti màlúù ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Láti Ejisu wọ Anloga, láti Anloga dé Suame níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì ti ń lu irin ní Magazine, láti Suame gba Afrancho àti Offinso lọ sí Techiman: àárín ìlú gan-an ni tírélà ń là kọjá, bí ẹni pé a ní kí àlejò gba yàrá ìyàwó lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Òfin ìrìnnà ọkọ̀ ilẹ̀ Gáná ti ọdún 2012 wí pé awakọ̀ ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òfin rere ni, n kò sì rí ẹni tí ó lè bú u. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ẹni tí ó jáde ní Tema pẹ̀lú ẹrù wúwo a máa pé kí ó tó fojú kan Ejisu, níbo ni kí ó sì yà sí? Bọ́ọ̀sì èrò ní ibi tirẹ̀ ní Bunso, lójú ọ̀nà kan náà, níbi tí èrò ti ń sọ̀ jẹun, tí wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀. Tírélà kì í ṣe ọkọ̀ tí a lè dédé yà sí iwájú ilé oúnjẹ. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, tí ó sì fẹ́ kí ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀tún, òsì ni yóò kọ́kọ́ yí ọwọ́ ọkọ̀ sí, nítorí pé orí àti ìdí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa tí yóò fi yí po láìpa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá ṣì í yà sí ọ̀nà tóóró lẹ́ẹ̀kan kò ní tún un yà sí ibi tí kò mọ̀ mọ́ láéláé, yóò kúkú máa wà á lọ pẹ̀lú oorun lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ọ̀rọ̀ onítírélà ni, kò kan òun. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2016, nítòsí Kintampo, lójú ọ̀nà kan náà tí tírélà fi ń jáde kúrò ní Kùmásí lọ sí òkè, bọ́ọ̀sì èrò tí ń lọ sí Tamale forí sọ ọkọ̀ tí ó kó tòmátì, ó sì ju àádọ́ta ẹ̀mí lọ tí ó bá a rìn. Ọ̀nà kan ni àwa àti wọ́n jọ ń tọ̀. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àwọn ìlú ńlá ayé náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2009, awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Jason Rivenburg, tí ó tètè dé ju àkókò tí wọn yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kò rí ibi tí yóò dúró sí, ó sì yà sí ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì ní South Carolina. Ibẹ̀ ni olè ti yìnbọn pa á nítorí dọ́là méje. Ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́, ìjọba sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2012 láti pèsè ibùdó fún àwọn ọkọ̀ ńlá. Nílé wa níhìn-ín, ta ni kò mọ Ogere lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà ti ń kún ibùdó títí wọn yóò fi ya wọ ojú títì, tàbí Apapa, níbi tí awakọ̀ ti ń sùn lórí afárá fún ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó gbé ètò kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021 pé kí tírélà dúró ní ibùdó títí a ó fi pè é? Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bí ìjọba kò bá fún awakọ̀ nílẹ̀, awakọ̀ yóò fi ojú ọ̀nà ṣe ilẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé kí a kúkú fòfin dè wọ́n, kí tírélà má ṣe wọ Kùmásí lójú ọ̀sán. N kò bá wọn jiyàn, bí wọ́n bá ti lè fi ibi tí yóò dúró de òru hàn mí; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí ọ̀nà Ejisu ni àwọn tírélà yóò tò sí láti àárọ̀ di alẹ́. Ibùdó méjì ni ìlú náà nílò, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà Accra, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà Offinso, kí ó ní ilẹ̀ tí a tẹ̀ dáadáa, omi, ilé ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná tí kì í kú, àti àwọn ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ táǹkì epo kí awakọ̀ má baà sùn lábẹ́ táyà. Ilẹ̀ kò jìnnà: ní Boankra, lẹ́bàá Ejisu, ni Akufo-Addo, Ààrẹ Gáná nígbà náà, ti fi ìpìlẹ̀ èbúté orí ilẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ibi tí ó sì yẹ kí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ní ojúlé ni. Bí ìyẹn yóò bá pẹ́, bí a kò bá rí àdàn, ṣebí òòbẹ̀ ni a fi ń ṣẹbọ: nígbà tí Gáná dáwọ́ owó bodè dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ bodè ni ó kù sójú títì láìríṣẹ́ ṣe, níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí iná sì ti wà rí; kí a sọ èyí tí ó bá ṣì wà nínú wọn di ibi ìsinmi.

Kábíyèsí Otumfuo Osei Tutu II, ẹni tí ó gorí Àga Wúrà ní ọdún 1999, tí ilẹ̀ Àṣáńtì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja: ilẹ̀ tí àwọn baba yín fún èrò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ fún èrò tírélà nírú rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tajà ní Kejetia, tí ẹ ń tẹ awakọ̀ láago ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ pé kí ẹrù yín dé kí ọjà tó ṣí, nígbà tí ó bá wí fún yín láti Ejisu pé òun fẹ́ fojú kan oorun díẹ̀ kí òun tó wọ ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó sùn.