Iṣẹ́ abẹ kò parí síbi tí wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn ènìyàn wa kan láti Òkè Ọya níbí ń lọ sí Èkó, Àbújá tàbí Íńdíà láti ṣe iṣẹ́ abẹ tí ń dín sísanra kù. Ihò kéékèèké ni dókítà ń lu sí ikùn, aláìsàn kì í sì í pẹ́ lọ sílé. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú irú rẹ̀ kan, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ inú ikùn ni wọ́n ń gé kúrò.

Ojú ibi tí wọ́n gé lè jò. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ lè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ara bá gbóná, tí ọkàn ń sáré, tí inú ń ro ni gidigidi tàbí tí mímí nira, ẹ má fi àgbo tàbí oògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èébì tí kò dáwọ́ dúró náà léwu: àìtó fítámínì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́.

A kò lòdì sí iṣẹ́ abẹ yìí. Ó ń ran ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ lọ́wọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé, kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wá dókítà ní ìlú tí ẹ ń gbé tí yóò máa tọ́jú yín tí ẹ bá dé. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún yín bọ̀. Fítámínì lílò àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ di ti ọjọ́ ayé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìtìjú ló ń mú kí aláìsàn fi ìrora pamọ́ títí ọ̀rọ̀ fi ń bọ́ sórí. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.